Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni fáìlì olóògbé, kì í ṣe iṣẹ́ opó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ síbi ìsìnkú òṣìṣẹ́ panápaná kan tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá kan dìde, ó gba máíìkì, ó ní ìjọba ò ní gbàgbé olóògbé, wọn ò sì ní gbàgbé ìyàwó àtàwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, torí mo mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ bí wọ́n bá ti tú kánópì tán. Orí tábìlì akọ̀wé kan ló ń balẹ̀ sí. Èmi ni mo jẹ́ akọ̀wé yẹn fún ọdún 31.

Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà, láti 1988 títí mo fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 2019. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Panápaná, awakọ̀ áńbúláǹsì, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn tó ń ràn, àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ títì ní ìdájí, gbogbo wọn ni fáìlì wọn ń gba ọwọ́ mi kọjá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, màá yọ fáìlì rẹ̀ nínú àpótí irin tó wà lọ́wọ́ òsì mi, màá fi bírò pupa kọ "olóògbé" sí i lára, màá sì gbé e sínú àpótí kejì. Ó parí náà nìyẹn. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ gbà ni yóò máa wá.

"Ni yóò máa wá" yẹn ni ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níwájú yín.

Lọ́dún 2013, tánkà epo kan gbiná lóru. Ọ̀kan nínú àwọn panápaná tí wọ́n pè jáde jẹ́ ẹni ọdún 41, ọlọ́mọ mẹ́ta, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń kí mi láti ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé wá béèrè ọ̀rọ̀ ìgbéga rẹ̀. Wọ́n bá iná ọ̀hún jà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tó délé, ikọ́ ni kò jẹ́ kó fojú kan oorun, pé itọ́ tó ń tu dúdú bí ẹ̀dú. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pé kóun wọ bàtà. Ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Kò dìde mọ́.

Ìwé tí ilé ìwòsàn fún wọn sọ pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kò sí ọ̀rọ̀ èéfín níbẹ̀ rárá. Ọ̀gá mi wo ìwé yẹn, ó wo kàlẹ́ńdà, ó ní kí n kọ ọ́ sí fáìlì pé ilé ni òṣìṣẹ́ yìí kú sí, àti pé ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Mo kọ ọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́. Ìlà kan yẹn ló sọ ikú ẹni tí iná tánkà pa di ikú lásán.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ wá, mo ka ohun tó máa mú wá fún un: ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́, fọ́tò pélébé olóògbé mẹ́rin, ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ó lọ, ó bọ̀. Ẹ̀dà kan kò ní òǹtẹ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ọjọ́ tó kó fọ́tò wá ni mi ò lè gbàgbé. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé fọ́ọ̀mù, mo sì tẹ pín-ìnnì mọ́ ọn gbà! bí mo ṣe ń ṣe é látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Pín-ìnnì náà gba iwájú orí ọkùnrin yẹn wọlé. Obìnrin náà na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba fọ́tò padà, ó wá ká a kò. Ó rọra ní, "Mà, ẹ ò lè bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́?" Mo ní a ò ní gọ́ọ̀mù. Irọ́ ni mo pa. Gọ́ọ̀mù wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mi ò kàn fẹ́ dìde ni.

Ìdíwọ́ kejì wá jáde nínú fọ́ọ̀mù tí ọkọ rẹ̀ kọ nígbà tó gbaṣẹ́. Ààyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè ìbátan tó sún mọ́ òṣìṣẹ́ jù lọ, èyí tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní next of kin. Ọmọ ọdún 23 ni ọkùnrin yìí nígbà náà, kò tíì láya. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ó fẹ́yàwó lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó bímọ, ó gba ìgbéga ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sì rántí ààyè yẹn mọ́. Àwa náà ò rán an létí. Ọ̀gá mi ní àfi kí ẹ̀gbọ́n náà wá buwọ́ lùwé kí nǹkan kan tó lè kúrò nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í ṣe èèyàn burúkú o. Iṣẹ́ ló gbé e lọ sọ́nà jíjìn, nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn ò sì lọ mọ́. Oṣù márùn-ún kọjá kí wọ́n tó rí i. Ọjọ́ tó wá, ó buwọ́ lùwé láìbéèrè kọ́bọ̀, ó ń sunkún.

Nígbà tí gbogbo ìwé fi máa pé, oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá lórí ikú ọkùnrin náà. Mo ń jẹ́rìí ara mi pé mo ti ṣiṣẹ́ mi bó ṣe yẹ. Àṣé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ẹ̀ka wa ń wo fáìlì náà látẹ̀yìn mi. Ó ní, "Mà, ẹ ti kọ̀wé sí NSITF?" Mo ní kí ni NSITF fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Kò dá mi lóhùn. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì fáànù. Òun la fi ń tì í kó má baà máa mì. Òfin ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń bá wa gbé fáànù.

Òfin yẹn ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2010. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tó ń jẹ́ NSITF ló ń gba owó náà jọ, òun ló sì ń san án. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sí i, ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san. Bí iṣẹ́ bá pa òṣìṣẹ́, tó sì fi aya tàbí ọkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó jẹ́ pé òun ló ń gbọ́ bùkátà wọn, òfin ní kí wọ́n máa san 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún wọn lóṣooṣù. Bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo, 85 ni. Ti àwọn ọmọ ń lọ títí wọ́n á fi pé ọmọ ọdún 21 tàbí tí wọ́n á fi parí yunifásítì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 ṣírò rẹ̀, ìyẹn 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn tí iṣẹ́ sì pa, 63,000 náírà ló yẹ kó máa wọlé fún opó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ lóṣù. Owó àánú kọ́ nìyẹn, owó ìsìnkú kọ́.

Ẹ wá wo ohun tó dùn mí jù. Òfin náà ò sọ pé opó ni kó máa sáré kiri. Agbanisíṣẹ́ ló ní kó fi tó àjọ náà létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òṣìṣẹ́ òun kan kú, bí wọ́n bá ti ní iṣẹ́ ló pa á. Bí ó bá jẹ́ pé ó fara pa ni, ọjọ́ méje ni. A ò fi tó ẹnikẹ́ni létí. Bírò pupa la mú. Lórí ìyẹn, òfin ní kí ìwé ìbéèrè fún owó náà wọlé láàárín ọdún kan tí ikú ṣẹlẹ̀, àfi bó bá ní ìdí pàtàkì tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kan! Gbogbo ìgbà tí mò ń sọ fún obìnrin yẹn pé kó lọ gba òǹtẹ̀ wá, kó lọ wá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá, ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀, mi ò sì mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tá a sì ní kó dúró dè yìí, owó yìí ò kàn án rárá. Aya àtàwọn ọmọ tí olóògbé ń bọ́ ni òfin yẹn dárúkọ, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ orúkọ tí ọmọ ọdún 23 kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ yẹn ò dúró níbẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí ibùdó panápaná náà, ó sì ya ojú ìwé kan wá nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ìpè iná sí. Orúkọ olóògbé wà níbẹ̀. Aago 11:40 alẹ́ ni wọ́n jáde, aago 6:15 àárọ̀ ni wọ́n padà. Ẹnì kan sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó rí wúruwùru, pé èèyàn méje ló lọ, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mí nínú èéfín tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀rí tí obìnrin yẹn nílò wà nínú ìwé kan tó wà nínú yàrá kan tí kò lè wọ̀. Báwo ni opó ṣe fẹ́ mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń bẹ láyé? Èmi tí mo ti lo ọdún 25 nínú iṣẹ́ nígbà náà, mi ò rí i rí.

A kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ṣàlàyé ohun tó fa ìdádúró. Orí tábìlì ọ̀gá ni ìwé náà kú sí. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní bí a bá fi í ránṣẹ́, ó máa hàn pé a ò sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ ká sọ ọ́. Mo dákẹ́. Pẹ́ńṣàn tèmi náà ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ kọ ìyẹn náà mọ́ mi lọ́rùn.

Àwọn kan máa ní ìlà tí mo kọ yẹn ṣáà jẹ́ òótọ́, pé ilé lọkùnrin náà kú sí. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ló kú sí. Ṣùgbọ́n ibo ni ikú ti bá a? Èéfín kì í fi gbogbo ìgbà pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ á wọnú ẹ̀jẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ, ọkàn á wá máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tó sì ti gbé páìpù omi láti òru mọ́jú, tó wọ aṣọ tó wúwo nínú ooru, ọkàn rẹ̀ ti ṣe wàhálà tó. Amẹ́ríkà pàápàá kọsẹ̀ níbí. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣe òfin owó fún ẹbí ọlọ́pàá àti panápaná tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, 50,000 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ wá di awuyewuye, torí ẹni tí ògiri wó lù nìkan ni ikú rẹ̀ ń hàn sí gbogbo ayé. Ó di ọdún 2003 kí wọ́n tó tún un ṣe pé bí àìsàn ọkàn bá pa òṣìṣẹ́ láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn iṣẹ́ tó lekoko, kí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ló pa á, àfi bí ẹ̀rí mìíràn bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, wákàtí 24 ọ̀hún kéré. Ẹni tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí ti lò tó wákàtí 48. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ kọ́ ló pa á ni yóò mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe opó.

Òfin tiwa náà ò fi bẹ́ẹ̀ burú níbi tó ti ń sọ ibi tí iṣẹ́ parí sí. Jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láàárín ibi iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ wà nínú ohun tó kà sí ti iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà ibi tó ti máa ń jẹun, bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mélòó nínú àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ títì ló mọ̀? Àwọn tí ọkọ̀ máa ń gbá nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, tí wọ́n á ní kọ̀ńtíráàtì ni, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin yẹn ò fi kọ̀ńtíráàtì ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́ wà níbẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ológun ni kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ètò tiwọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbọ́ "kọ̀ńtíráàtì ni" lẹ́nu ọ̀gá, tí èmi náà sì tún un sọ fún ọmọ ẹni tó kú.

Owó kejì wà tí ìlà burúkú mi ò lágbára lé lórí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004, àti ti ọdún 2014 tó rọ́pò rẹ̀, sọ pé kí agbanisíṣẹ́ ra ìdójútòfò ẹ̀mí fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí iye rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká tún padà sí 70,000 náírà wa. 840,000 ni lọ́dún, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 2,520,000. Ìdójútòfò ẹ̀mí ni, wọn ò so ó mọ́ ibi tí ẹni náà kú sí. Bí agbanisíṣẹ́ ò bá san owó ìdójútòfò náà lásìkò, tí òṣìṣẹ́ sì kú láàárín àkókò yẹn, òfin ọdún 2014 ní agbanisíṣẹ́ gan-an ni kó wá owó yẹn san. Ó tún rántí àwọn tí wọn ò rí òkú wọn: ẹni tí omi gbé lọ níbi tó ti ń yọ èèyàn, ẹni tí wọ́n jí gbé sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọdún kan bá kọjá lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé wọ́n ń wá a, tí ìgbìmọ̀ ìwádìí sì gbà pé ó ti kú, kí wọ́n san owó rẹ̀ bíi ti ẹni tó kú. Lóòótọ́, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, wọn ò sì rìn ín dọ́gba. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìpínlẹ̀, kó béèrè bí tiwọn ṣe rí.

Olóòtú, ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ń pa àwọn tó ń tọ́jú alárùn kòrónà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà NARD daṣẹ́ sílẹ̀, ìdójútòfò ẹ̀mí àti owó fún ẹbí ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé wọn ò láàánú. Nígbà yẹn, 5,000 náírà lóṣù ni owó ewu tí dókítà ń gbà. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2021 kí ìjọba tó gbé e sókè, ti àwọn dókítà bọ́ sí 32,000 sí 40,000, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù bọ́ sí 15,000 sí 34,000. Inú mi dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé owó ewu ni wọ́n tètè rí ṣe. Alààyè ló ń gbà á, alààyè sì lè gbé pátákó lọ sẹ́nu ọ̀nà gómìnà. Òkú kì í daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fáìlì tirẹ̀ fi ń pẹ́ nínú àpótí kejì.

Mi ò ní kí ìjọba ṣe òfin tuntun. Èyí tó wà nílẹ̀ tó, bí wọ́n bá lè yọ ọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ fáànù. Ohun tí mò ń béèrè ni kí wọ́n yí ẹni tó ń rìn padà. Bí òṣìṣẹ́ bá kú nínú iṣẹ́ tó léwu, ọ́fíìsì rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbéra. Akọ̀wé kan ni kí wọ́n dárúkọ pé òun ló ni fáìlì yẹn, kó kọ̀wé sí NSITF àti sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kó lọ ya ojú ìwé ìpè iná tàbí ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà kó tó sọnù, kó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ jáde. Akọ̀wé yìí ń gbowó oṣù, ó ní tábìlì, ó mọ ẹni tó ní òǹtẹ̀. Opó ò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ìwé ìbí ọmọ àti ìwé ìgbéyàwó nìkan ló yẹ ká béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, torí inú àpótí tirẹ̀ nìyẹn wà. Kí ẹnikẹ́ni má sì tún kọ "ilé ló kú sí" sí fáìlì láìkọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa sọ. Wọ́n á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, pé àwọn ayédèrú opó pọ̀, pé a gbọ́dọ̀ yẹ ìwé wò. Àwọn ayédèrú wà lóòótọ́, mo ti rí obìnrin mẹ́ta tó wá fún ọkùnrin kan rí, ìwé ìgbéyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n yíyẹ ìwé wò kò ní ká jókòó de ìwé. Ẹni tó fẹ́ mọ òótọ́ ló ń lọ wá a níbi tó wà.

Sí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ béèrè fáìlì yín. Ẹ wo orúkọ ẹni tí ẹ kọ sí ààyè tí mo sọ yẹn. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹni tó ti kú, tàbí ti ọ̀rẹ́bìnrin tí ẹ ti fi sílẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo rí i lẹ́ẹ̀mejì), ẹ yí i padà, kí ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé mọ nọ́ńbà ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín. Kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ yẹn nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ajogún, torí owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì yín lè béèrè pé kí ẹbí lọ gba ìwé àṣẹ lórí ogún nílé ẹjọ́, owó ni wọ́n sì fi ń gbà á. Ìwé ìhágún téèyàn bá ṣe nígbà tára le ń dín wàhálà yẹn kù. Ẹ̀yin panápaná, bí ẹ bá fa èéfín, tí ikọ́ bá tẹ̀ lé yín délé, ẹ má sùn lé e. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ fún dókítà pé iná lẹ ti ń bọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sí ẹ̀yin tí ẹni yín ti kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ déètì ikú rẹ̀ sára ògiri, kí ẹ ka ọdún kan láti ibẹ̀. Ẹ kọ̀wé fúnra yín sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ má retí ẹni tó gba máíìkì. Ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ wọn: ṣé wọ́n ti kọ̀wé sí NSITF, ta sì ni adójútòfò wọn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀dà tọwọ́ yín tán. Bí akọ̀wé bá wá ní kí ẹ máa lọ, kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fún un ní bírò, kó kọ ohun tó kù sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kó sì kọ déètì sí i. Ká ní obìnrin yẹn ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi ni, ǹ bá ti dìde.

Èmi ni,
Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì